Ìmọ̀ràn fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe orin síńtì àtijọ́ bí àwọn olórin abẹ́lẹ̀ Kánádà ṣe ń ṣe é

Atẹdùùrù Hamilton:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Hamilton ní Ontario ni mo ń gbé, èmi ni mo sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí etí mi ti ń fà sí irú orin síńtì (synthesizer, kíbọ́ọ̀dù tí ń fi iná ṣẹ̀dá ohùn) kan tí àwọn ọ̀dọ́ olórin Kánádà ń ṣe, tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá gbọ́ ọ láìmọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, yóò búra pé ọdún 1982 tàbí 1983 ni wọ́n ká a: ìlù ẹ̀rọ tí kì í yẹsẹ̀, béèsì tí ó ń sáré lórí ohùn méjì tàbí mẹ́ta péré, àti akọrin tí kì í pariwo. Èmi náà fẹ́ ṣe àwo kékeré kan tí yóò ní orin mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́ dáadáa? Ṣé dandan ni kí n ra ẹ̀rọ àtijọ́, nítorí pé iye tí wọ́n ń pe síńtì Roland Juno lóde báyìí ń bà mí lẹ́rù? Bí mo bá sì ṣe é tán, kí ni ẹni tí kò ní ilé-iṣẹ́ àwo orin lẹ́yìn lè ṣe kí orin rẹ̀ lè dé etí àwọn tí ó fẹ́ràn irú rẹ̀?

Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù (Montreal):

Àbúrò, o kú ìbéèrè. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé orin tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń jí dìde kì í ṣe ẹrù tí wọ́n kó wọ̀lú. Bí a bá ti dárúkọ synth-pop, ìyẹn orin tí síńtì ń gbé, Ìlú Ọba àti Jámánì ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sí, ṣùgbọ́n Kánádà ní tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Montreal yìí gan-an sì ni ojúbọ rẹ̀. Ní 1982, ẹgbẹ́ Rational Youth, tí Tracy Howe àti Bill Vorn dá sílẹ̀, gbé Cold War Night Life jáde níhìn-ín, àwo tí ó kún fún ìpayà tí ó wà nílẹ̀ nígbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń halẹ̀ mọ́ ara wọn. Howe ti wà pẹ̀lú Men Without Hats ṣáájú ìgbà náà, ọmọ Montreal ni àwọn yẹn pẹ̀lú, orin ijó wọn sì gun àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà dé ipò kẹta ní 1983. Ìlú yìí kan náà ni Pascal Languirand ti ń ṣe Trans-X. Spoons wá láti Burlington, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ rárá. Images in Vogue wà ní Vancouver, onílù wọn tí ń jẹ́ cEvin Key ni ó sì lọ dá Skinny Puppy sílẹ̀. Ní Edmonton, Darrin àti Stephen Huss, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, dá Psyche sílẹ̀.

Bí mo bá ní kí o mú ẹyọ kan nínú gbogbo wọn, Cold War Night Life ni. Jókòó tì í láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kí o má sì ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Wàá gbọ́ bí nǹkan ṣe mọ níwọ̀n nínú rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì tó.

Nígbà tí o bá wá kan ìran tuntun, ilé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Hamilton bí ìwọ ni Junior Boys, Last Exit sì ni àwo tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, ní 2004. Ṣàkíyèsí ibi tí ìlù ti ń dákẹ́ nígbà tí etí rẹ ń retí rẹ̀, àti bí Jeremy Greenspan kì í ṣe í kánjú kún àyè náà. Toronto ni Austra ti gbé Feel It Break jáde ní 2011, tí Trust, tí wọ́n ń kọ ní TR/ST báyìí, sì tẹ̀lé e ní 2012. Maya Postepski wà nínú iṣẹ́ méjèèjì, bí o bá sì gbọ́ wọn tẹ̀lé ara wọn, wàá rí i pé irú ìlù kan náà lè gbé ohùn tí ó ga fíofío ti Katie Stelmanis, kí ó sì tún gbé ohùn ọ̀fun tí ó wúwo ti Robert Alfons. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, Xavier Paradis ń ṣe Automelodi, Marie Davidson àti Pierre Guerineau sì ṣe Essaie Pas, tí ilé-iṣẹ́ àwo orin DFA ní New York gbé àwo wọn jáde ní 2016. Electric Youth dùn, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti gbọ́ wọn nínú sinimá, kò sì sí ohun tí wọn yóò kọ́ ọ nípa àyè tí Junior Boys kò ní í kọ́ ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹlẹ́rọ Scarborough:

Ẹ kú ìjókòó o. Àtúnṣe ẹ̀rọ orin ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ Juno kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn sọ fún ọ pé Juno ni òun ń tà kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Juno-60 jáde ní 1982, Juno-106 sì tẹ̀lé e ní 1984, wọn kì í sì í ṣe ìkan náà. Juno-60 ní arpeggiator, ìyẹn ohun tí ó ń tú àwọn ohùn tí o bá tẹ̀ pọ̀ ká, tí yóò sì máa sáré lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò ní MIDI. Juno-106 ní MIDI tí o lè fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ arpeggiator kúrò. Ohùn mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dún pọ̀, oscillator (ohun tí ó ń bí ohùn) kan ṣoṣo ni ohùn kọ̀ọ̀kan sì ní, nítorí náà bí o bá pa chorus rẹ̀ (ohun tí ó ń mú kí ohùn kan dún bí ọ̀pọ̀), ohun tí yóò jáde á tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìránṣọ. Bọ́tìnnì chorus méjèèjì yẹn ni ó ń sọ ọ́ di ohùn gbàràmù tí o ń gbọ́ nínú àwo, ariwo ṣìì tí ó sì ń bá a rìn kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn.

Àrùn tí ó ń ṣe Juno-106 ni kí o mọ̀ kí o tó san owó. Ṣíìpù dúdú mẹ́fà kan wà nínú rẹ̀ tí orúkọ wọn ń jẹ́ 80017A, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ohùn kan. Oje dúdú tí wọ́n fi bò wọ́n láti ilé-iṣẹ́ ni ó ń pa wọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí o bá lọ wo èyí tí ẹnìkan ń tà lórí Kijiji, ojú òpó tí àwọn ènìyàn ti ń ta àlòkù, má jẹ́ kí ó máa tẹ orin dídùn fún ọ títí tí orí rẹ yóò fi wú. Ní kí ó pa ẹ̀rọ náà, kí ìwọ wá tẹ bọ́tìnnì Key Transpose mọ́lẹ̀, kí o sì tàn án láìgbé ọwọ́ kúrò. Láti ìgbà náà, bí o bá ti ń tẹ kíì lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ohùn tí ó ń dún yóò máa hàn lójú rẹ̀. Pa chorus, ṣí filter (ohun tí ó ń dí ohùn tí ó mú mọ́lẹ̀) sílẹ̀ pátápátá, kí o sì dúró díẹ̀ lórí ohùn kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá ń ta pàrà-pàrà, tàbí tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti àwọn yòókù, tàbí tí ó ń dún nìṣó lẹ́yìn tí o ti gbé ọwọ́, ṣíìpù rẹ̀ ti ń kú lọ. A lè yọ ọ́, kí a rì í sínú acetone títí oje náà yóò fi rọ̀ tí a ó sì bó o kúrò, ó sì máa ń jí lọ́pọ̀ ìgbà. Bí kò bá jí, àwọn kan ń ṣe irú rẹ̀ tuntun tà. Yọ owó iṣẹ́ yẹn kúrò nínú iye tí ẹni náà ń pè, níwájú rẹ̀ níbẹ̀.

Korg Polysix ti 1981 náà dára fún orin yìí, ṣùgbọ́n bátìrì kan wà nínú rẹ̀ tí ó máa ń da omi sórí pátákó, omi yẹn a sì jẹ ojú ọ̀nà iná ibẹ̀. Bí ẹni tí ó ń tà á kò bá gbà kí o ṣí i wò, máa bá ọ̀nà rẹ lọ. Fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà, Roland fúnra wọn ṣe JU-06A ní 2019. Ó kéré, ohùn mẹ́rin péré ni ó ní, ṣùgbọ́n ó da ìṣe Juno méjèèjì pọ̀ sínú ara kan.

Kọ̀ǹpútà Nìkan Ni Mo Ní:

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà mìíràn wá sí i. Visions tí Grimes gbé jáde ní 2012, tí ó sọ Montreal di ibi tí gbogbo ayé ń yọjú wò fún ìgbà kan, GarageBand, ètò orin inú kọ̀ǹpútà Apple, ni wọ́n fi ká a. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ olówó iyebíye ni ó ń ṣe orin, a kì bá tí gbọ́ ọ.

Èyí tí mò ń lò ni mo ń sọ. Dexed, síńtì inú kọ̀ǹpútà, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, iṣẹ́ síńtì Yamaha DX7 ti 1983 ni ó ń ṣe, ó sì ń ka àwọn ohùn tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún DX7 gidi. Surge XT wà lọ́fẹ̀ẹ́, Vital náà sì ní ti ọ̀fẹ́. TAL-U-NO-LX, tí ó jẹ́ àwòkọ Juno-60, ni wàá san owó fún, ṣùgbọ́n chorus rẹ̀ nìkan, tí wọ́n ń pè ní TAL-Chorus-LX, ọ̀fẹ́ ni, o sì lè fi sórí síńtì mìíràn tí o bá ní.

Ohun tí ó sábà ń tú wa láṣìírí, àwa oníkọ̀ǹpútà, ni àṣejù. Ẹni tí ó ń ṣe orin yìí pẹ̀lú owó tí kò pọ̀ ní 1982 ní síńtì kan tàbí méjì, ẹ̀rọ ìlù kan, àti tẹ́ẹ̀pù tí àyè ìkáhùn (track) tí ó wà lórí rẹ̀ níye. Àwa ní ọgọ́rùn-ún àyè, a sì ń kún gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, kí o tó bẹ̀rẹ̀, fi òfin de ara rẹ. Àyè mẹ́jọ kò gbọdọ̀ kọjá. Ìlù gbọ́dọ̀ wá láti ara ẹ̀rọ kan ṣoṣo, bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìlù TR-808 ni, kí ó jẹ́ òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, má lọ yá sínẹ́ẹ̀ (ìlù snare) LinnDrum, ẹ̀rọ ìlù mìíràn, wá sínú rẹ̀. Ohùn kan ni béèsì ń dún lẹ́ẹ̀kan, kò sí ìdí tí wàá fi fún un ní méjì. Filter tí o bá fẹ́ kí ó máa ṣí díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ni kí o fi yí i nígbà tí o ń ká a, kí o má fi máòsì fa ìlà fún un, nítorí pé ọwọ́ kì í ṣí i bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá fẹ́ sínẹ́ẹ̀ tí ó ń bú bí ti ìgbà náà, da reverb (ìró tí ń padà bọ̀ bí ti inú gbọ̀ngàn) púpọ̀ lé e lórí, kí o sì gé ìrù rẹ̀ lójijì kí ìlù tí ó tẹ̀lé e tó dún.

Ẹlẹ́rọ Scarborough:

Òfin àyè mẹ́jọ yẹn, mo fọwọ́ sí i. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kí atẹdùùrù wa wá ibi tí yóò ti fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ gidi, kódà fún ọjọ́ díẹ̀ péré, kí etí rẹ̀ lè mọ ohun tí àwòkọ náà ń wò kọ.

Ìyá Ìbejì (Calgary):

Nípa ibi tí a ti lè fi ọwọ́ kàn án, ẹ má gbàgbé pé a lè yá a. Ilé ìtajà Long & McQuade máa ń fi ohun èlò orin yáni káàkiri Kánádà, ó sì dára kí o yá síńtì fún oṣù kan tí wàá fi ká orin ju kí o jẹ gbèsè lọ.

Bí ọ̀nà rẹ bá gba Calgary, wá sí Studio Bell, ilé National Music Centre, tí wọ́n ṣí ní 2016. Ibẹ̀ ni TONTO wà, síńtì gìrìwò tí Malcolm Cecil kọ́, tí ènìyàn lè dúró sí àárín rẹ̀, tí Stevie Wonder sì lò fún àwọn àwo rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Kì í ṣe fún wíwò lásán, wọ́n máa ń gba àwọn olórin wọlé láti wá fi àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹni tí kò gbajúmọ̀ náà sì lè kọ̀wé béèrè. Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù sọ pé orin yìí kì í ṣe ẹrù tí wọ́n kó wọ Kánádà. Ẹ jẹ́ kí n tì wọ́n lẹ́yìn: Hugh Le Caine, onímọ̀ físíìsì ọmọ Kánádà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun tí ó pè ní Electronic Sackbut láti 1945. Agbára iná ni ó fi ń darí ohùn rẹ̀, nǹkan bí ogún ọdún kí Robert Moog, ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe síńtì, tó gbé tirẹ̀ síta.

Atẹdùùrù Hamilton:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Màá kọ́kọ́ yá síńtì kan. Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú. Yorùbá ni mo fẹ́ fi kọ orin mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé e lé ìlù yìí, àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àti ohùn ń bá ara wọn jà. Ṣé ẹnìkan ti gbìyànjú rẹ̀ rí?

Akéwì Winnipeg:

Àbúrò, orin náà ni o kọ́kọ́ ṣe, tí o wá ń wá ọ̀rọ̀ tì í sínú. Yí i padà. Kọ ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀, sọ ọ́ jáde bí o ṣe ń sọ̀rọ̀, kí o wá dò-re-mí rẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù bí olùkọ́ ṣe kọ́ wa ní ilé-ìwé. Bí a bá mú ìlà kan báyìí: "Yìnyín ti bo ojú títì." Dò-mí-re-re-re-mí-mí-dò ni. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀lé ara wọn lórí ìlù ẹ̀rọ, wàá rí i pé orin síńtì gidi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé orin tí ó ń rìn lórí ohùn mẹ́ta ni àwọn ará 1982 náà ń wá kiri. Bí o bá fẹ́ kí ó ní ìbànújẹ́ tí ó máa ń wà nínú orin Trust, rọ mí yẹn wálẹ̀ ní ìdajì ohùn, ó ti di máínọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ kò sì yí padà. Béèsì kò sọ̀rọ̀, nítorí náà ó lè lọ sí ibi tí ó bá wù ú. Èyí tí kò gbọdọ̀ ṣi ẹsẹ̀ gbé ni síńtì tí ó bá ń dún pọ̀ mọ́ ohùn rẹ lórí ìlà kan náà.

Ní ti ẹ̀rù pé ta ni yóò gbọ́ Yorùbá, Faransé ni Automelodi fi ń kọrin, àwọn tí kò gbọ́ Faransé rárá sì ń ra àwo rẹ̀. Debby Friday, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tí ó sì dàgbà ní Montreal, gba Polaris, ẹ̀bùn àwo orin Kánádà tí ó dára jù lọ lọ́dún, ní 2023 pẹ̀lú orin ẹ̀rọ tí ó le ju synth-pop lọ. Àwọn tí ń gbọ́ orin abẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ yìí kì í sá fún ohun tí etí wọn kò tíì mọ̀.

Òṣìṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Rédíò:

Mo ń ṣèrànwọ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò yunifásítì kan, nítorí náà èmi ni màá dáhùn ìbéèrè ìkẹyìn. Má fi orin rẹ ránṣẹ́ sí rédíò ńláńlá. Rédíò yunifásítì ni ilé irú orin yìí: CFMU 93.3 wà ní McMaster lọ́dọ̀ rẹ, CIUT 89.5 wà ní Toronto, CKUT 90.3 sì wà ní Montreal. Olùdarí orin ni kí o kọ̀wé sí, kì í ṣe gbogbo ènìyàn, kí lẹ́tà náà má sì gùn. Sọ orin tí o fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, sọ ìlú rẹ, kí o sì kọ MAPL rẹ sí i.

MAPL yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kì í kọbi ara sí. Láti 1971 ni ìjọba Kánádà ti ń fi í mọ orin tí ó jẹ́ ti Kánádà. M dúró fún ẹni tí ó ṣe ohùn orin, A fún ẹni tí ó kọ ọ́ tàbí tí ó lù ú, P fún ibi tí wọ́n ti ká a tàbí tí wọ́n ti ṣe é nígbà tí a ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀, L fún ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí méjì nínú mẹ́rin bá ti jẹ́ ti Kánádà, ó wọlé, ó sì wà lára ìpín tí òfin fi lé rédíò lọ́wọ́ láti máa lù. Ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú títí láé wà nínú rẹ̀ bí ọmọ onílùú. Òfin náà kò sì béèrè èdè tí ó wà nínú L, nítorí náà bí ìwọ nìkan bá ṣe é nínú yàrá rẹ ní Hamilton, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni o ní.

Forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú SOCAN, ẹgbẹ́ tí ń bá àwọn tí ó kọ orin gba owó ẹ̀tọ́ wọn, kí orin tó jáde. Lẹ́yìn òde tí o bá ṣe, kódà nínú ilé ọtí kékeré, fi orúkọ àwọn orin tí o kọ ránṣẹ́ sí wọn, owó ń jáde níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í lọ gbà. Bandcamp, ojú òpó tí olórin ti ń ta orin fúnra rẹ̀, ni kí o ti tà á. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lórí orin, láti 2020 ni wọ́n sì ti ń ya àwọn ọjọ́ Ẹtì kan sọ́tọ̀ tí wọn kì í yọ nǹkan kan, nítorí náà dúró de ọ̀kan nínú wọn. Ṣe kásẹ́ẹ̀tì díẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tí ń ra orin yìí fẹ́ràn ohun tí wọ́n lè dì mú lọ́wọ́, kásẹ́ẹ̀tì kò sì ní ná ọ tó rẹ́kọ́ọ̀dù.

Atẹdùùrù Hamilton:

Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, ẹnìkan ní òun lè bá mi kó Juno-60 wá láti Japan, owó rẹ̀ sì rọ̀ ju ti ìhín lọ. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ẹlẹ́rọ Scarborough:

Iná. Fólítì 100 ni ti Japan, 120 ni tiwa. Ó lè tàn, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ooru yóò pọ̀ jù lára ẹ̀yà iná rẹ̀. Ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ fólítì sí ránṣẹ́ sí ọ. Bí ó bá jẹ́ 100, ra transformer tí ó ń sọ 120 di 100, kí o sì fi í sínú ìṣirò owó rẹ pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà, béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì tí ó ń tọ́jú àwọn ohùn inú rẹ̀.